Ọmọ Yorùbá pe ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní "akátà" lójú mi. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá ọmọ náà?

Olùbéèrè, Maryland

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Kíláàsì kẹta ni mò ń kọ́ níbí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni púpọ̀ nínú wọn, méjìlélógún sì ni gbogbo wọn. Ọmọ àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù, àwọn tí òbí wọn wá láti El Salvador tẹ̀ lé e, òyìnbó mẹ́ta, ọmọ Nàìjíríà méjì. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ọdún kẹfà mi rèé nílùú yìí.

Ẹ mọ̀ pé Fẹ́búárì ni oṣù ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Bí mo ṣe bá a ni mo ti ń ṣe é: àwòrán Martin Luther King lára ògiri, orin kan, kí àwọn ọmọ fi kíréyọ̀nù kun ìwé, ó parí. Lọ́dún yìí mo ní kí n ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá pé kí kálukú mú àsíá ìlú tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, kó sì wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ibẹ̀. Mo rò pé gbogbo wọn máa rí ara wọn nínú ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n kó àsíá dé. Ọmọbìnrin mi kan, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àsíá Amẹ́ríkà ló mú wá. Ó ní ìyá òun sọ pé àwọn ò mọ ibi tí àwọn ti wá. Kó tó jókòó, ọmọkùnrin Yorùbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti bú sẹ́rìn-ín: "Akátà ni yín, ẹ ò nílùú." Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ìyókù, àmọ́ "akátà" yẹn, tí àwa Yorùbá fi ń pe àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, bí a ṣe ń pè é nílé gan-an ló ṣe pè é. Ọmọbìnrin náà ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. Èmi ló ń wò. Ó ní, "Tíṣà, kí ni ohun tó pè mí yẹn?" Ó mọ̀ pé èdè kan náà ni èmi àti ọmọ yẹn ń sọ.

Mo ní a máa sọ ọ́ tó bá yá. Mo ní kí wọ́n mú ìwé ìṣirò jáde. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ síbí yìí.

Ìyá ọmọbìnrin náà ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni èmi àti àwọn òbí ọmọkùnrin yẹn ń lọ. Èyí tó sì ń dùn mí jù ni pé èmi náà ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn lórí fóònù pẹ̀lú àwọn àbúrò mi, ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Kí ni mo fẹ́ bá obìnrin yìí sọ? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ kọ́ wọn ní ìtàn yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù, èmi tó jẹ́ pé ojú ìwé kan péré ni wọ́n fi kọ́ mi ní òwò ẹrú ní Ìbàdàn?

Tíṣà Houston

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ ká ti ibi iṣẹ́ àṣetiléwá yẹn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni iná ti ràn. Èmi náà ti fún wọn nírú ẹ̀ rí, ọ̀gá mi ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ka èèyàn ní 1850 àti 1860, wọn ò kọ orúkọ àwọn tó wà lóko ẹrú. Ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ ni wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ ẹni tó ni wọ́n, bí ẹni ka ewúrẹ́. 1870 ni wọ́n tó kọ orúkọ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ti èèyàn yòókù. Nítorí náà ẹni tó bá ń wá baba ńlá rẹ̀ nínú ìwé ìjọba, tó bá ti dé 1870, ó máa ń ṣòro kó tó ré kọjá ibẹ̀. Àsíá tí ẹ ní kó mú wá yẹn, ṣe ló dà bí kéèyàn ní kí ọmọ tí wọ́n jí baba ẹ̀ gbé wá sọ àdírẹ́ẹ̀sì baba ẹ̀.

Ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ ní kí kálukú mú ohun kan tí àgbà ilé rẹ̀ kọ́ ọ wá: orin ni o, bí wọ́n ṣe ń se nǹkan ni o, àbí ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà máa ń sọ. Kò sọ́mọ tí kò ní ní ìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọmọdé sọ ara yín di ẹlẹ́jọ́. Akátà kì í ṣe èébú, bí a ṣe ń pe òyìnbó ní òyìnbó náà ni. Àwọn náà ńkọ́? Ọmọ tèmi ò lè jẹ ẹ̀bà nílé ìwé ní Dallas, ọ̀bọ ni wọ́n ń pè é, àwọn dúdú bíi tiẹ̀ ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ta ló bẹ̀ mí?

Ìyàwó Atlanta

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ má bínú sí mi o. Tí kì í bá ṣe èébú, kí ló dé tí a fi máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ tí wọ́n bá wà nítòsí? Orúkọ ẹranko igbó ni kó tó di ohun tí à ń pe èèyàn.

Ọmọ Georgia ni ọkọ mi. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí wa, àǹtí mi kan sọ ọ́ lójú rẹ̀, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín torí ó rò pé wọ́n ń kí òun ni. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ló tó mọ̀. Ó ní èébú yẹn ò dun òun tó ẹ̀rín tí òun bá wọn rín.

Àǹtí tíṣà, tí ìyá yẹn bá dé, ẹ sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún un. Ẹ má sọ pé "kò fi bẹ́ẹ̀ burú". Ẹ ní iṣẹ́ tí ẹ fún àwọn ọmọ kò dáa, ẹ ní ó yẹ kí ẹ ti dáhùn lójú ẹsẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́. Kí ẹ wá dákẹ́ kó sọ tiẹ̀.

Ti ọmọkùnrin yẹn, ẹ má lọ bá àwọn òbí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ pè wọ́n wá sí ilé ìwé bí tíṣà ṣe ń pe òbí. Ilé ló ti gbọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé òun nìkan ló ṣẹ̀.

Bàbá Tíṣà, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìtàn kan wà tó yẹ kí ọmọkùnrin Yorùbá yẹn gbọ́.

Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀. Síbẹ̀ ní 1860, olówó kan ní Mobile, ní Alabama, rán ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Clotilda lọ sí Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Ó kó nǹkan bí 110 èèyàn dé. Òru ni wọ́n kó wọn wọlé, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má bàa tú. Yorùbá wà nínú wọn. Ọ̀kan ni Oluale Kossola, ọ̀dọ́mọkùnrin láti agbègbè Bantè, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Àwọn ọmọ ogun Dàhómì ló kó ìlú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1865, ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí. Kò sówó ọkọ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó kó wọn wá fún àwọn nílẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n bá ṣiṣẹ́, wọ́n fi owó ara wọn ra ilẹ̀, wọ́n tẹ Africatown dó, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé síbẹ̀. Kossola gbé ibẹ̀ títí ó fi kú ní 1935. Ní 2019 ni àwọn onímọ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé àwókù ọkọ̀ tí wọ́n rí nínú odò níbẹ̀, Clotilda ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá, ibi tó kàn ọ́ rèé. Àwọn ọmọ dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà máa ń fi àwọn ọmọ Kossola ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹhànnà Áfíríkà ni wọ́n. Ohun tó dun ọmọ tìrẹ ní Dallas ló dun àwọn náà láyé ìgbà yẹn. Àwọn tí ẹ wá ń pè ní akátà lónìí, ta ló mọ èyí tó jẹ́ ọmọ Bantè, ta ló mọ èyí tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá nínú wọn? Kí ẹ má sì fi èyí tó jẹ́ tiwa pamọ́ fún àwọn ọmọ. Nígbà tí Ọ̀yọ́ fọ́, ogun tí àwa fúnra wa ń bá ara wa jà kó ọ̀pọ̀ èèyàn dé etí òkun.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Bàbá, mo gbọ́ sà. Mi ò mọ ti Kossola yẹn. Àmọ́ ti ọmọ mi ṣì ń dùn mí o.

Bàbá Tíṣà, Abẹ́òkúta

Ó yẹ kó dùn ọ́, ọmọ mi. Lọ sọ ọ́ fún tíṣà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá yìí ṣe fẹ́ wá sọ tirẹ̀.

Olùbéèrè, Maryland

Bàbá, ẹ ṣeun sà. Omijé bọ́ lójú mi níbi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ Bantè. Ṣùgbọ́n ẹrú, ọkọ̀ ojú omi, iná, ṣé kò ní wúwo jù fún ọmọ ọdún mẹ́jọ? Tíṣà tó wà ní kíláàsì kejì sí tèmi ní kí n jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí eré, kí àwọn kan dùbúlẹ̀ bí ẹni wà nínú ọkọ̀.

Tíṣà Houston

Ẹ má dán an wò! Àǹtí, mo bẹ̀ yín. Kò sí eré nínú ọjà ẹrú. Ọmọ tó bá ṣe ẹrú lórí pátákó lọ́jọ́ kan, ohun tí wọ́n á máa pè é títí ọdún á fi parí nìyẹn.

Ọmọdé ni kí ẹ fi kọ́ ọmọdé. Maryland tí ẹ wà yẹn, ẹ jókòó lórí ìtàn ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Frederick Douglass sí ní 1818, lóko ẹrú. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Baltimore, ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ABD, ọkọ ní kó dáwọ́ dúró, pé ẹrú tó bá mọ̀wé kò ní ṣeé dè mọ́. Kí ni Douglass ṣe? Búrẹ́dì ò wọ́n ọn nílé tó wà, àwọn ọmọ òyìnbó tálákà àdúgbò sì ń pebi. Ó ń fún wọn ní búrẹ́dì, wọ́n ń fi ìwé kíkà san án. Ní 1838 ó múra bí atukọ̀, ó wọ rélùwéè kúrò ní Baltimore, ó lọ pátápátá. Mo ti sọ èyí fún ọmọ ọdún mẹ́jọ rí, àwọn ọmọ òyìnbó inú kíláàsì mi náà rí ibi tí wọ́n fẹ́ dúró sí nínú ìtàn yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, Ruby Bridges. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ní New Orleans ní 1960, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ ló ń sìn ín lọ sí ilé ìwé torí pé òun ni ọmọ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀. Àwọn òyìnbó kó ọmọ wọn kúrò, tíṣà kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Barbara Henry sì kọ́ òun nìkan ní kíláàsì fún ọdún kan gbáko. Ẹ bi wọ́n pé, "Tó bá jẹ́ ìwọ ni, ta lo máa bá ṣeré?" Ẹ wá jókòó kí ẹ gbọ́.

Ẹ má sì kó gbogbo ẹ̀ sínú Fẹ́búárì. Carter Woodson tó dá a sílẹ̀ ní 1926, ọ̀sẹ̀ kan ló fi bẹ̀rẹ̀, 1976 ló di oṣù, àmọ́ kì í ṣe pé kí ẹnu dákẹ́ ní oṣù mọ́kànlá tó kù. Ọmọ Maryland ni Benjamin Banneker, ó fi igi gbẹ́ aago tó ń ṣiṣẹ́ ní ayé 1750 sí 1760. Ibi tí ẹ bá ti ń kọ́ wọn ní aago nínú ìṣirò ni kí ẹ ti dárúkọ rẹ̀, kò dìgbà tí ẹ bá lẹ àwòrán mọ́ ògiri.

Ìyá Ìbejì, Baltimore

Ẹ ò sọ ti àwọn ọmọ El Salvador o. Sylvia Mendez náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ní 1944 nígbà tí ilé ìwé àwọn òyìnbó kan ní California kọ̀ ọ́, pé kó lọ sí ti àwọn ọmọ Mẹ́síkò. Baba rẹ̀ àti àwọn òbí mìíràn pe ẹjọ́, wọ́n sì jàre ní 1947. Thurgood Marshall, ọmọ Baltimore wa níbí, wà nínú àwọn agbẹjọ́rò dúdú tó kọ̀wé sí kóòtù láti gbè wọ́n lẹ́yìn. Ọdún méje lẹ́yìn ìyẹn, ní 1954, ó jàre ẹjọ́ tó fòpin sí yíya ilé ìwé dúdú àti funfun sọ́tọ̀ lójú òfin.

Ẹ sì rán àwọn òbí ọmọkùnrin yẹn létí òfin 1965 tó ṣílẹ̀kùn Amẹ́ríkà fún àwa tí kì í ṣe ará Yúróòpù. Ìjà tí àwọn tí wọ́n ń pè ní akátà jà wà lára ohun tó ṣí i.

Olùbéèrè, Maryland

Ẹ kú alẹ́. Mo ti bá ìyá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ lónìí.

Mo sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ nítorí iṣẹ́ àsíá yẹn. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá bi mí pé, "Ṣé ìwọ náà máa ń pè wá bẹ́ẹ̀?" Mo ti múra ìdáhùn oríṣiríṣi sílẹ̀, èyí kò sí níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa tí mi ò purọ́. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì dìde.

Kó tó lọ, ó ní Dorchester ni ìyá òun ti wá, agbègbè kan ní Maryland tí wọ́n bí Harriet Tubman sí, obìnrin tó sá kúrò lóko ẹrú ní 1849, àti pé ilé ìwé àwọn dúdú nìkan ni màmá yẹn lọ lọ́mọdé. Ó ní òun máa bi í bóyá á lè wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ yìí pé màmá gbà. Àtẹ̀gùn ò rọ màmá lọ́rùn, nítorí náà mo ti gba yàrá ìkàwé tó wà nísàlẹ̀.

Àwọn òbí ọmọkùnrin náà wá lánàá. Mo ka ìtàn Kossola fún wọn látorí fóònù mi. Ìyá ọmọ ní, "Níbo ló ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn?" ó sì yíjú sí ọkọ rẹ̀, ọkọ ń wo bàtà. Ọmọ ti bẹ ọmọbìnrin yẹn. Ọmọbìnrin yẹn ní òun gbọ́, àmọ́ kò ì tíì fẹ́ jókòó tì í, mo sì ti pààrọ̀ àga wọn.

Ọmọbìnrin náà ló tún wá bá mi lẹ́yìn kíláàsì pé kí n fi ibi tí Kossola ti wá han òun. Máàpù ara ògiri wa kò ní Bantè lórí. Ẹni tó bá ní èyí tó fẹ̀ dáadáa, tó ṣeé tẹ̀ jáde, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di Ìṣẹ́gun tí màmá ń bọ̀.