Ìkọ́fẹpadà ni mo fara mọ́, kì í ṣe ìpadàbọ̀sípò

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ Yorùbá tí a ó fún bí ìsàlẹ̀ òkun tó ti bàjẹ́ ṣe ń sàn díẹ̀díẹ̀ nígbà tí àwọn ọlọ́sìn ẹja bá kó àwọ̀n wọn kúrò. Ẹ̀gbọ́n kan dábàá "ìpadàbọ̀sípò", àbúrò kan ní "ìkúnpadà" ló yẹ. Mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé kòtò ẹja àrọ̀ kúrò lọ́kàn. Ọ̀sìn ẹja sámọ́nì ní Nọ́wè àti Scotland, inú òkun gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọ̀n ńlá ni wọ́n ta sínú omi, ẹja wà nínú rẹ̀, ìgbẹ́ wọn àti oúnjẹ tí wọn ò jẹ sì ń rọ̀ sísàlẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí á lo ọ́síjìn inú ẹrẹ̀ tán. Irú mìíràn tí kò nílò ọ́síjìn á wá gbapò, wọ́n á máa lo èròjà imí-ọjọ́ inú omi òkun dípò rẹ̀, gáàsì tí wọ́n ń tú jáde á sì máa rùn bí ẹyin òbu. Ẹrẹ̀ á dúdú kirikiri, fọ́nrán funfun á bò ó lójú.

Ẹ wá wo "ìkúnpadà". Nígbà tí ibẹ̀ burú gan-an, kò ṣófo! Ekòló pupa tín-ín-rín kan, Capitella, máa ń wà níbẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún nínú mítà kan níbùú lóòró, nítorí pé àwọn tó ń bá a du oúnjẹ ti kú tàbí sá lọ. Bí ara ibẹ̀ bá ṣe ń yá, iye ekòló yìí ń dín kù ni, oríṣi ẹ̀dá ló ń pọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Pearson àti Rosenberg, ti to bí àwọn ẹ̀dá yìí ṣe ń tẹ̀ léra ní 1978. Ekòló kéékèèké ló ń ṣáájú. Àwọn tó ń gbẹ́ ihò jinlẹ̀ ló ń kẹ́yìn, ihò wọn ló sì ń jẹ́ kí omi tó ní ọ́síjìn ráyè wọnú ẹrẹ̀. Ṣé ohun tó ń dín kù la ó pè ní ìkúnpadà?

"Ìpadàbọ̀sípò" ní tirẹ̀ ń ṣèlérí jù. Òórùn lè lọ láàárín oṣù mélòó kan, pàápàá níbi tí omi ti ń ṣàn gidi, ṣùgbọ́n ó lè gba ọdún bíi mélòó kan kí àwọn ẹ̀dá tó pé. Ní Kefalonia, nílẹ̀ Gíríìsì, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Karakassis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣọ́ ibì kan tí wọ́n ti ṣíwọ́ ọ̀sìn ẹja fún oṣù 23. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999 fi hàn pé bó ṣe ń sàn ló tún ń wó, kò sì tíì sàn tán nígbà tí wọ́n parí. Bàbà tí wọ́n fi ń kun àwọ̀n àti síńkì inú oúnjẹ ẹja kì í sì í jẹrà.

Ìdí nìyí tí mo fi dúró lórí "ìkọ́fẹpadà". Ẹni tó ń kọ́fẹ padà, a mọ̀ pé àìsàn ṣì lè dá a padà sórí ẹní, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni àkókò tí wọ́n ń dá ibẹ̀ sí lẹ́yìn ìkórè, èyí tí òfin Nọ́wè ní kò gbọdọ̀ dín ní oṣù 2. Ẹnìkan pè é ní "ahoro". Rárá o. Ibi tí a kọ̀ sílẹ̀ ni ahoro. Àwọn ọlọ́sìn ẹja wọ̀nyí ń padà bọ̀. Àgbẹ̀ wa ń sọ pé ilẹ̀ ń sinmi, Bíbélì Yorùbá náà sì fún ilẹ̀ ní ìsinmi lọ́dún keje nínú Léfítíkù orí 25. "Ìsinmi ìsàlẹ̀ òkun" ti tó. Kí a má kàn dà á pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́: ènìyàn ló ń fún ibẹ̀ nísinmi, oṣù 2 sì lè pé kí ìkọ́fẹpadà má tíì dé ìdajì.

Ohun tó kù ni orúkọ ẹrẹ̀ dúdú olóòórùn náà. Ẹ̀yin tó gbọ́ èdè Ìlàjẹ dáadáa nínú wa, kí ni àwọn apẹja ń pe irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ létí omi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi àmì ohùn sí i.