Ìdí ń ro mí látìgbà tí mo ti padà sórí kẹ̀kẹ́: ṣé ìjókòó ni kí n pààrọ̀?

Ọmọ Mọ̀kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Owó ọkọ̀ ti wọ́n jù, kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́ báyìí, láti Mọ̀kọ́lá sí Bódìjà. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti gùn ún kẹ́yìn. Tòkunbọ̀ ni, táyà 26, kò ní sípíríǹgì lẹ́yìn. Mo ga ní mítà 1.78, mo wọn kílò 86.

Ẹsẹ̀ ò ro mí, èémí ò sì gé mi. Ìdí ni. Eegun méjèèjì tí mo fi ń jókòó ń ro mí débi pé mi ò lè fara da àga onípákó tó wà ní ọ́fíìsì. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, abẹ́ á kú. Itan ọ̀tún náà ti bó lókè. Ẹnìkan ní kí n ra ìbòrí ìjókòó onífóòmù, èyí tó nípọn dáadáa. Ṣé kí n rà á, àbí kí n pààrọ̀ ìjókòó pátápátá? Jíìnsì ni mo máa ń wọ̀.

Baba Sípánà

Ẹ má tíì náwó. Ohun mẹ́ta lẹ kó pọ̀ sínú ìbéèrè kan, ìtọ́jú wọn ò sì pa pọ̀.

Ríro eegun ni kò lẹ́rù nínú wọn. Eegun ìdí méjèèjì yẹn ló yẹ kó gbé yín ró, ẹran tó bò wọ́n ni iṣẹ́ náà ò tíì mọ́ lára. Ẹ gùn ún lónìí, kí ẹ sinmi lọ́la, 20 sí 30 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, ó máa ń rọlẹ̀. Ẹni tó bá fi Sátidé gùn ún fún wákàtí 2, tó wá pa á tì di Sátidé mìíràn, ọjọ́ kìíní ló ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Abẹ́ kíkú lẹ ò gbọdọ̀ fara mọ́. Iṣan àti òpó ẹ̀jẹ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá ni ìjókòó ń tẹ̀. Imú ìjókòó tó gbókè ló sábà máa ń fà á, tàbí ìjókòó tó ga jù, tàbí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó jìnnà débi tí ẹ fi ń tẹ̀ síwájú ju bó ṣe yẹ lọ. Fún ẹni tó ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́, kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá ìjókòó dọ́gba, tàbí kó fi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5 ga jù ú lọ.

Gíga ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ fara ti ògiri, ẹ jókòó lórí kẹ̀kẹ́, ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátá. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tí ẹ bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń wà á, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi téèpù wọ̀n ọ́n, kó wọn inú ẹsẹ̀ láti abẹ́ dé ilẹ̀ láìwọ bàtà, kó fi 0.883 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹsẹ̀ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 82 á fún yín ní 72.4, láti àárín irin tí apá pẹ́dàlì ń yí lé lórí títí dé orí ìjókòó. Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o, kì í ṣe òfin.

Bí ìjókòó bá ga jù, ẹsẹ̀ á máa nawọ́ wá pẹ́dàlì, ìdí á máa fì sọ́tùn-ún sósì, fífì yẹn ló sì ń họ itan. Bó bá rẹlẹ̀ jù, ẹsẹ̀ ò ní lè bá ìdí ru ẹrù, gbogbo kílò 86 á wà lórí eegun méjèèjì, orúnkún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín níwájú. Ti itan ọ̀tún nìkan tó bó yẹn, ẹ dúró sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kí ẹ wò ó bóyá imú ìjókòó kọjú sí iwájú gan-an, torí ti tòkunbọ̀ sábà máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Lẹ́yìn gíga, ó kan ìdagun. Ẹ fi ìwé tó lẹ́yìn líle lé orí ìjókòó láti imú dé ìdí rẹ̀, ẹ gbé fóònù lé ìwé náà, ẹ lo app tó ń wọn bí nǹkan ṣe dagun sí. Kó kọ́kọ́ wà ní 0. Bí abẹ́ bá ṣì ń kú, ẹ sọ imú sílẹ̀ ní dígírì 1, lẹ́yìn náà 2. Ẹ má kọjá 3, nítorí ẹ ó máa yọ̀ síwájú, ọrùn ọwọ́ á sì gba ìyà tí ìdí ń gbà tẹ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gùn ún wò kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ìbòrí onífóòmù ńkọ́? Ó dùn mọ́ni fún bí ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà eegun á rì sínú rẹ̀, fóòmù tó kù á wú sáàárín, ibi tí ẹ ò fẹ́ kí nǹkan tẹ̀ gan-an ló sì máa tẹ̀. Ó tún máa ń yí lórí ìjókòó, ó sì ń fi kún gíga tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọmọ Mọ̀kọ́lá. Ọ̀rọ̀ awọ ni tèmi.

Ẹ bọ́ jíìnsì yẹn kúrò. Ojú rírán mẹ́rin ló pàdé síbi tí ẹ jókòó lé, ó nípọn, ó sì le. Tí òógùn bá ti rin ín, ńṣe ló ń họ ara. Ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tó ní pádì lẹ máa wọ̀, láìsí pátá lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wọ pátá sí i, pátá náà sì tún ní ojú rírán tiẹ̀. Ẹ lè wọ ṣòkòtò fẹ̀lẹ́fẹ̀lẹ́ lé e lórí, ṣùgbọ́n kété tí ẹ bá dé ọ́fíìsì, ẹ bọ́ ọ. Ara tó lọ́rinrin látàárọ̀ dalẹ́ ni kòkòrò àìfojúrí ń fẹ́. Ẹ ní méjì ó kéré tán, ẹ máa fọ̀ ọ́ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹ ṣan ọṣẹ kúrò dáadáa, ẹ yí inú rẹ̀ síta kí ẹ tó sá a sóòrùn. Bó bá jẹ́ òkìríkà lẹ fẹ́ rà, ẹ fọwọ́ tẹ pádì rẹ̀. Èyí tí kò bá wú padà mọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Kí ẹ tó jáde, ẹ fi básílíìnì tó kún ṣíbí tíì kan pa ibi tí ara ti ń gbo ara. Òrí náà dára, àbàwọ́n rẹ̀ nìkan ni ẹjọ́. Ẹ má fi ohunkóhun tó ń ta bíi ti ìpara òtútù síbẹ̀, ẹ má sì fi páúdà sí i. Bí òógùn bá pò ó, ó ń di kókó.

Èyí tó ti bó: omi àti ọṣẹ tí kò lóòórùn, ẹ fi aṣọ tẹ omi gbẹ, ẹ má nù ún gbirigbiri. Ẹ fi ìpara tó ní zinc oxide pa á, irú èyí tí wọ́n ń fi sí ìdí ọmọ ọwọ́. Ẹ má da sípírítì sí i. Ẹ má gun kẹ̀kẹ́ títí awọ á fi pa dé. Tó bá jẹ́ kókó bí eéwo ló yọ, ẹ rẹ aṣọ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi abẹ fá irun abẹ́ lásìkò yìí, sísọ̀sì ni kí ẹ fi gé e.

Ilé ìwòsàn ló kàn bí eéwo náà bá ń tóbi sí i, bí ara bá gbóná, bí pípọ́n rẹ̀ bá ń ràn, tàbí bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ. Bákan náà ni bí abẹ́ bá ṣì kú di ọjọ́ kejì tàbí tí ìtọ̀ bá ń ṣòro.

Ayọ̀ Peckham

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n Sípánà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ni títún un ṣe máa ń tó. Ìjókòó tó há ju eegun ìdí lọ ò ṣeé tún ṣe, pípààrọ̀ ni. Ẹ wọ̀n ọ́n nílé: ẹ tẹ́ páálí kátọ́ọ̀nù sórí àga líle, ẹ fi ṣòkòtò fẹ́lẹ́ jókòó lé e, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè kí ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ojú ibi méjì á jìn. Ẹ fi bírò sàmì sí àárín ìkọ̀ọ̀kan, ẹ wọn àlàfo wọn. Ó sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 100 sí 140. Ẹ fi 20 sí 30 kún un, ìyẹn ni fífẹ̀ ẹ̀yìn ìjókòó tí ẹ máa wá. Bí ẹ̀yìn yín bá ṣe nàró tó lórí kẹ̀kẹ́ ni kí ìjókòó ṣe fẹ̀ tó. Eegun tàwọn obìnrin sábà máa ń jìnnà síra ju tàwọn ọkùnrin lọ. Èyí tó ní ihò láàárín ń ran abẹ́ tó ń kú lọ́wọ́.

Ìyá Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́

Àbúrò, ẹ lọ wo afẹ́fẹ́ táyà yín. Fọkanáísà á fún un títí tó fi le bí òkúta, gbogbo kòtò Ìbàdàn á sì gba ibẹ̀ wọ inú eegun. Táyà 26 tó fẹ̀ tó ínṣì 2, fún kílò 86, ẹ fi psi 40 síwájú, 45 sẹ́yìn, bí ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà bá gbà á. Ẹ má dín in ju bẹ́ẹ̀ lọ: rímù á gé túúbù lójú méjì nígbà tí ẹ bá já sí kòtò.

Ẹ má sì jókòó wọ kòtò. Ẹ mú pẹ́dàlì méjèèjì dọ́gba, ẹ gbé ìdí sókè díẹ̀, kí orúnkún gbà á. Kódà lójú ọ̀nà tó dán, ẹ dìde fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 10 kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá.

Ọmọ Mọ̀kọ́lá

Ẹ ṣeun gan-an. Mo wọ̀n ọ́n: imú gbókè ní dígírì 6! Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ sílẹ̀ tí mo sì dè é, tí mo bá ti jókòó, á tún gbókè padà. Nọ́ọ̀tì méjì ló wà lábẹ́, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan.

Baba Sípánà

Eyín ló ti jẹ. Irin tó di ìjókòó mú yẹn ní eyín wẹ́wẹ́ tó ń wọnú ara wọn. Ẹ tú nọ́ọ̀tì méjèèjì (13 tàbí 14 ni sípánà rẹ̀), ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ gíríìsì àti iyanrìn kúrò. Bí eyín bá ṣì mú, ẹ tò ó padà kó wọnú ara wọn ní tòótọ́, ẹ dè é díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì, títí á fi le. Bí ẹ bá de ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ tó kan èkejì, eyín á gun orí ara wọn, nígbà tí ẹ bá sì jókòó, á yọ̀.

Bí eyín bá ti jẹ tán, kò sí bí ẹ ṣe lè dè é tó tí kò ní yọ̀. Ẹ ra irin náà nìkan, kì í wọ́n. Ẹ mú òpó ìjókòó dání lọ: èyí tí orí rẹ̀ tín-ín-rín sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 22.2. Nígbà tí ẹ bá sì ń gbé òpó náà sókè, ẹ má jẹ́ kí ilà tí wọ́n fín sí i yọ síta. Bó bá ti yọ, òpó lè tẹ̀, ó sì lè fa férémù ya.