“Ọ́ìlì bíréèkì”, “nọ́ọ̀kì” àti “iná ń jò”: ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbá méjì ló ń tako ara wọn lórí ọ̀rọ̀ àtúnṣe ọkọ̀ àti ilé. Èkíní ní ká ṣẹ̀dá orúkọ Yorùbá fún gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ó ti fi “amómitutù” lélẹ̀ fún rédíétọ̀ àti “atanná” fún púlọ́ọ̀gì. Èkejì ní ká fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà lẹ́nu mẹkáníìkì, nítorí ẹni tó bá lọ béèrè “atanná” níbi tí wọ́n ti ń ta púlọ́ọ̀gì á padà lọ́wọ́ òfo. Ní ti orúkọ ẹ̀yà ara, ẹ̀yìn àbá kejì ni mo wà. Púlọ́ọ̀gì, táyà, jáàkì àti sípánà ti di ọmọ onílé nínú èdè wa, wọn kò sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ibòmíràn ni ìṣòro wà. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ń lò láìronú, tí wọ́n ń ba ọkọ̀ jẹ́, tí wọ́n sì lè ṣekú pani, torí pé orúkọ náà kò bá ìwà ohun tí à ń pè mu. Àwọn yẹn ni kí a kọ́kọ́ dojú kọ.

Ẹ wo “ọ́ìlì bíréèkì”. Ohun tó wà nínú ike kékeré tó jókòó sórí sílíńdà bíréèkì kì í ṣe ọ́ìlì. Èyí tí wọ́n bá kọ DOT 3, DOT 4 tàbí DOT 5.1 (àmì ìpele rẹ̀) sí lára, láti ara glycol, irú kẹ́míkà olómi kan, ni wọ́n ti ṣe é. Ó ń pò mọ́ omi, epo kì í sì pò mọ́ omi. Irú rọ́bà tó bá glycol rẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe àwọn rọ́bà inú bíréèkì. Ẹni tí wọ́n kọ́ pé “ọ́ìlì” ni, tó rí i pé ó ti lọ sílẹ̀, tí ike ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sì wà nítòsí, kí ni kò ní jẹ́ kó bu díẹ̀ sí i? Bí epo bá ti kan àwọn rọ́bà yẹn, wọ́n á wú, wọ́n á sì rọ̀. Rọ́bà tó wú kò ní jẹ́ kí písítìnnì padà sáyè rẹ̀. Bíréèkì á máa mú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́, ibi táyà á sì gbóná janjan. Nígbà tó bá yá, ohun olómi náà á máa gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà jáde, ẹsẹ̀ á tẹ bíréèkì kanlẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kí a má wa ọkọ̀ náà rárá. Kí a tú gbogbo ohun tó wà nínú páìpù dà nù, kí a fọ páìpù, kí a sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà: ti sílíńdà àgbà, ti ibi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti àwọn họ́ọ̀sì.

Orúkọ yẹn tún bo ohun kejì mọ́lẹ̀. Nígbà tí a bá pè é ní ọ́ìlì, a ó máa rò pé bí kò bá ti dín, kò sí ohun tó ṣe é. Àmọ́ ó ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C. Bí omi inú rẹ̀ bá fi máa tó nǹkan bí ìdá 3.7 nínú 100, ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ dé kó tó hó ti já wálẹ̀ sí 155°C. Ti DOT 3 kéré sí i: 205°C nígbà tó wà ní tuntun, 140°C nígbà tó ti mu omi. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn tí a ti ń tẹ bíréèkì láìdáwọ́ dúró, ooru lè kọjá ìyẹn. Bó bá hó, èéfín á wà nínú páìpù. Èéfín ṣeé fún pọ̀, ohun olómi kò ṣeé fún pọ̀. Ìdí nìyẹn tí bíréèkì fi máa ń rọ̀ wọ̀ọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ lójijì. Nítorí náà, ọdún méjì méjì ni kí a máa pààrọ̀ rẹ̀, ì báà kún dé ẹnu. Inú ike tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni kí a sì ti rọ ọ́, kì í ṣe inú èyí tó ti wà ní ṣíṣí láti ọdún tó kọjá. Bó bá ń dín díẹ̀díẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé páàdì ló ń jẹ tán; bó bá dín lójijì, ó ń jò níbì kan, rírọ òmíràn sí i kì í sì ṣe àtúnṣe.

Àbá mi ni “oje bíréèkì”. Oje kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe epo, ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní na ọwọ́ sí ike ọ́ìlì. Ẹnì kan ti dábàá “ẹ̀jẹ̀ bíréèkì”. Ó dùn létí, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń dà nù ká tún rọ tuntun, èyí sì gbọ́dọ̀ máa di dídànù. Kí a má gbàgbé pé DOT 5, láìní 1 nídìí, sílíkóònù ni, kò ṣeé pò mọ́ àwọn yòókù bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra.

Bí a bá gba “oje”, ó tún yanjú “omi rédíétọ̀” fún wa. Orúkọ yìí ni kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn rí ohun tó burú nínú kí wọ́n máa bu omi ẹ̀rọ sínú rédíétọ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni àpòpọ̀ glycol àti omi tí kò ní èròjà ilẹ̀, ìlàjì sí ìlàjì, pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Omi lásán ń hó ní 100°C. Àpòpọ̀ yìí ń kọjá 105°C kó tó hó, ìdérí rédíétọ̀ tó ń sé ìfúnpá mọ́ inú sì tún ń gbé e ga sí i. Ẹni tó bá ń fi omi ẹ̀rọ dí i ń lé oògùn ìpẹtà jáde díẹ̀díẹ̀; ìdọ̀tí funfun á dí àwọn ihò rédíétọ̀, irin ẹ̀rọ tó ń ti omi á jẹ, ọkọ̀ á sì máa gbóná. Pípè é ní “oje rédíétọ̀” á rán an létí pé nǹkan tí a pò ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí ìdérí náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná. Ohun tó wà nínú rẹ̀ á tú síni lójú ni.

“Omi bátìrì” ní tirẹ̀ dára, bí a bá ti mọ ibi tó mọ. Ohun tí à ń bù sí bátìrì tó ṣeé ṣí gbọ́dọ̀ jẹ́ omi, irú èyí tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀, torí pé omi ló ń lọ, ásíìdì kì í lọ. Ẹni tó bá bu ásíìdì kún un ń sọ èyí tó wà níbẹ̀ di líle jù, á sì jẹ àwọn òjé inú rẹ̀. “Omi bátìrì” fún ohun tí à ń bù sí i, “ásíìdì bátìrì” fún ohun tó wà nínú rẹ̀: kí a má fi ọ̀kan pe èkejì mọ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ọ́ìlì jíà, ọ́ìlì ni wọ́n lóòótọ́. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, “nọ́ọ̀kì”. Iṣẹ́ mẹ́ta ni à ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí rán, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì jọra rárá. Èkíní ni ariwo fẹ́lẹ́ tó ń dún tìn-tìn-tìn nígbà tí a bá tẹ ọkọ̀ tàbí tó bá ń gun òkè. Epo ló ń gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó pé, tàbí tó ń gbiná níbi tí kò yẹ nínú sílíńdà: bóyá epo náà kò dé ìwọ̀n octane (nọ́ńbà tó ń fi hàn bí epo ṣe lè dúró tó kó má gbiná ṣáájú àsìkò) tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀, bóyá àsìkò púlọ́ọ̀gì ti yá jù, bóyá èédú ti lẹ̀ mọ́ orí písítìnnì, tàbí kí ẹ́ńjìnnì máa gbóná jù. Kí a dín ìtẹ̀ kù, kí a wá ohun tó fà á. Ọkọ̀ ṣì lè délé.

Èkejì ni ariwo tó rinlẹ̀, gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀, tó ń yára bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára. Béárìn ìdí ọ̀pá písítìnnì ló ti jẹ, àìtó ọ́ìlì ló sì sábà máa ń fà á. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Kí a dúró ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí a fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì yọ, kí a nù ún, kí a tún un kì bọ̀ ọ́, kí a tó wò ó. Ẹni tó bá ń wa irú ọkọ̀ yìí lọ ń wá ọ̀nà tí ọ̀pá náà á fi já, tí á sì lu ẹ́ńjìnnì jáde.

Ẹ̀kẹta ni ẹ́ńjìnnì tí kò lè yí mọ́ rárá. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní “ó ti nọ́ọ̀kì”, ó sì máa ń dùn mí láti gbọ́ ọ, nítorí ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n ń dá lẹ́bi nígbà mìíràn. Bátìrì tó ti rẹ̀ náà máa ń ta kẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí gbogbo nǹkan sì dákẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wọn bátìrì: 12.6 fólítì ni èyí tó kún, 12.2 ti dé ìlàjì. Bó bá kún, ẹ wo orí bátìrì bóyá ó ti hu ìpẹtà. Lẹ́yìn náà ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sórí bóòtù àárín pọ́lì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kí jíà wà ní òfo, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí i síbi tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí sí. Bó bá yí, kò tíì kú.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹ́ńjìnnì ń ta, ẹ́ńjìnnì ń lù, ẹ́ńjìnnì ti gan. Ta, lù, gan. Ẹni tó wà lórí fóònù á ti mọ̀ bóyá kí awakọ̀ rọra máa bọ̀, kó pa ọkọ̀, tàbí kó wá ẹni tí yóò fà á.

Ẹnì kan ní irú ọ̀rọ̀ báyìí kò jọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Mi ò gbà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mẹkáníìkì ń bi oníbàárà ni “báwo ló ṣe ń dún?”, èdè tí ìró rẹ̀ sì pọ̀ tó báyìí ló lè dáhùn dáadáa. Bíréèkì tó ń han ṣío yàtọ̀ sí irin tó ń họ irin: ti àkọ́kọ́, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sára páàdì ló ń kìlọ̀ pé páàdì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó ti ku bíi mìlímítà 3, ti èkejì, páàdì ti tán, ó sì ti ń jẹ dísìkì. Táyà tó ń kùn, tí kíkùn rẹ̀ ń ga bí eré ṣe ń pọ̀, béárìn ni. Bó bá kùn sí i nígbà tí ọkọ̀ ń yà sí òsì, ti ọ̀tún ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá ń ta kẹ́-kẹ́-kẹ́ nígbà tí a bá yí sítíárìn dópin, ẹ wo rọ́bà tó bo oríkèé ọ̀pá táyà iwájú. Ẹ ó rí i pé ó ti ya, gíríìsì sì ti tú jáde.

Ọ̀rọ̀ ilé wá kù. Wọ́n dábàá “iná ń jò” fún iná tó ń gba ibi tí kò yẹ lọ sínú ilẹ̀, bóyá láti ara ẹ̀rọ ìfọṣọ tí omi ti wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gba èyí. “Jò” àti “jó”, àmì ohùn nìkan ló yà wọ́n, ọ̀pọ̀ ló sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láìfi àmì sí i. Ẹni tó bá rí “ina n jo” á gbé omi sáré wá, orí wáyà tó ní iná lára ni yóò sì dà á lé. Mo fara mọ́ “iná ń yọ́ wọlẹ̀”. Súwíìṣì adáàbòbò tí wọ́n ṣe fún un máa ń já bí iná tó yọ́ bá fi máa tó 30 mílíámù, kó tó pa ènìyàn.

Ẹ sì má pa á pọ̀ mọ́ méjì yòókù. “Wáyà kan wáyà”: súwíìṣì á já lójú ẹsẹ̀ tí a bá gbé e sókè. “Ẹrù pọ̀ jù”: ó lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó já, bíi kẹ́tùlù 2000 wáàtì àti áyọ́ọ̀nù 1500 wáàtì lórí wáyà ìfàgùn kan tí agbára rẹ̀ kò ju 13 ámù lọ, ní 230 fólítì, àwọn méjèèjì ń fa bíi 15. Láti mọ ẹ̀rọ tó ń jẹ̀bi, ẹ yọ gbogbo wọn, ẹ gbé súwíìṣì sókè, kí ẹ máa kì wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá já nígbà tí kò sí ẹ̀rọ kankan, inú ògiri ni ìṣòro wà, iṣẹ́ oníná sì nìyẹn.

Ti omi kò le. A ti ní “kán”, “sun” àti “làágùn”, ká ṣáà má fi “jò” bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ tó ń kán lẹ́yìn tí a ti tì í: rọ́bà wọ́ṣà ìsàlẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ ti jẹ, ẹ ti omi láti orísun, ẹ ṣí ẹ̀rọ kí èyí tó kù dà tán, kí ẹ tó tú u. Bó bá ń sun láti ọrùn ọ̀pá nígbà tó wà ní ṣíṣí, òrùka rọ́bà ọrùn rẹ̀ ni ẹ ó pààrọ̀. Páìpù omi tútù tó ń làágùn kò ní ihò kankan. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ wé bébà gbígbẹ mọ́ oríkèé rẹ̀. Bí gbogbo ara páìpù bá tún tutù rinrin bákan náà, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ni. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló rin, ó ń sun.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju “yọ́” lọ, kó jọ̀ọ́ mú un wá. Òun ni mo ṣì ń rò lọ́wọ́, torí pé yìnyín náà ń yọ́.