"Agbohùn" kọ́ ni sípíkà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Ọ̀yẹ́ dá àbá ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún àwa tí à ń fa wáyà sinimá inú ilé: "agbohùn" fún sípíkà, "amóhùnga" fún ámpù, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára kó tó dé sípíkà, "ìyáàlù" fún wúfà, sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀. Amóhùnga dùn mọ́ mi. Mú ohùn ga, kò lẹ́jọ́ nínú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni amóhùnmáwòrán. Àwọn méjì yòókù ni mi ò gbà.

Gba àti ohùn ló bí agbohùn. Ohun tó bá ń gbohùn, ó ń gbà á wọlé ni, ìdí nìyẹn tí rékọ́dà fi ń jẹ́ agbohùnsílẹ̀. Iná ni sípíkà ń gbà lọ́wọ́ ámpù, ohùn ló ń gbé jáde. Gbé ni, ẹ̀gbọ́n, bí a ṣe ń sọ fún ọmọ tó ń kàwé wúyẹ́wúyẹ́ pé kó gbóhùn sókè. Ẹ ní kí n má torí àmì ohùn kan da ọ̀rọ̀ nù. Èmi ti torí rẹ̀ sanwó.

Lọ́dún tó kọjá, mo ṣiṣẹ́ nílé kan ní Ajílósùn, nínú Adó-Èkìtì. Sípíkà márùn-ún àti wúfà kan ní pálọ̀, méjì méjì ní yàrá, kíṣìnì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú máìkì kan tí bàbá onílé fẹ́ máa fi darí àdúrà òwúrọ̀. Wáyà 1.5 fún pálọ̀, 2.5, tó nípọn jù ú lọ, fún ibi tó jìnnà, a sì yẹra fún wáyà iná kí gbogbo rẹ̀ má baà máa kùn. Nígbà tí a fa wọn jáde lára ògiri, mo ń pe orúkọ, ọmọ iṣẹ́ mi ń kọ ọ́ sára sẹ́lótéèpù: agbóhùn fún sípíkà, agbohùn fún máìkì. Lẹ́tà gàdàgbà ló fi kọ ọ́, kò fi àmì sí i, AGBOHUN ni gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kejì ó so wáyà máìkì mọ́ ẹnu ámpù tó yẹ kó gbé sípíkà kíṣìnì. Máìkì kú. Èmi ni mo ra òmíràn.

Nítorí náà, agbóhùn lásán náà kò tó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ní ìrù: agbóhùnjáde ni sípíkà, agbohùnwọlé ni máìkì. Bí àmì tilẹ̀ bọ́, JADE àti WOLE kò jọra. Ẹnìkan ní ó ti gùn jù. Asọ̀rọ̀mágbèsì ńkọ́? Ní 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà gbé rédíò wọ ilé àwọn èèyàn l'Ékòó, ó dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí yẹn á máa sọ̀rọ̀, ẹ ò lè dá a lóhùn. Orúkọ yẹn bá a mu régí, gígùn rẹ̀ kò sì dí àwọn àgbà wa lọ́wọ́ láti pè é.

Ti ìyáàlù ńkọ́? Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀ láàárín dùndún. Wúfà kì í sọ̀rọ̀. Ààrá, ìbọn ńlá àti gìrìgìrì ẹsẹ̀ ẹṣin ló ń gbé. Sípíkà àárín, tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré ń bá jáde jù. Bí ẹ bá fẹ́ ìyáàlù dandan, òun ni kí ẹ fi jẹ ẹ́. Gbẹ̀du ni kí wúfà máa jẹ́: ìlù ńlá ààfin, tó ń mi àyà ẹni.

Ẹni tó wá sọ pé àwa Èkìtì tí à ń pe ilé ní ulé, tí à ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, kò gbọdọ̀ dá sí èdè àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Bàbá mi fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní Yorùbá, Èkìtì ló sì ń bá ìyá mi sọ títí ó fi kú. Lálaalẹ́, kí a tó jẹun, á ní kí n tú ọ̀rọ̀ kan. "Agbálẹ̀, kí ló bí i?" Tí mo bá ti ní gbá àti ilẹ̀, iyán dé. Kí onítọ̀hún sọ ibi tí òun ti kọ́ tirẹ̀.

Mo ní wáyà láti fà ní Ìwòròkó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. JADE àti WOLE ni ọmọ iṣẹ́ mi máa kọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju gbẹ̀du lọ, kó tètè mú un wá kí ọjọ́ náà tó pé.