Ẹ̀yin tí herpes ti bá jà lójú rí, ẹ wá sọ tiyín

Abẹ́ní_O: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ọ̀sẹ̀ yìí ni dókítà ojú sọ fún mi pé herpes ló wà lójú òsì mi. Ojú kàn pọ́n ni o, ó ń ro mí, omi ń dà ṣá, mi ò lè wo iná. Dókítà kán nǹkan aláwọ̀ ọsàn kan sí i, ó tan iná búlúù, ó ní òun rí egbò tó yọ ẹ̀ka bí igi. Ẹni tó ti ṣe rí, ṣé ó máa ń lọ pátápátá?

Bàbá Tòmíwá: Kì í lọ. Ó máa ń sùn ni.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́: Òótọ́ ni bàbá sọ. Abẹ́ní, HSV-1 lorúkọ fáírọ́ọ̀sì yẹn, òun náà ló ń yọ ròrò sétí ètè téèyàn bá ní ibà. Láti kékeré lọ̀pọ̀ wa ti kó o láìmọ̀, á wá lọ fara pamọ́ sínú agbárí níbi tí iṣan tó ń jẹ́ kí ojú àti ẹnu mọ nǹkan lára ti pàdé. Ọjọ́ tó bá jí tó gba ẹ̀ka ojú, ohun tó ṣe ẹ́ yìí náà nìyẹn.

Ṣẹ́gun_K: Ẹ dúró ná, herpes kọ́ ni wọ́n ń kó níbi ìbálòpọ̀?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́: HSV-2, ìbátan HSV-1, ló pọ̀ jù níbẹ̀. HSV-1 yìí, kí ẹni tó ní ròrò létè fẹnu ko ọmọ lẹ́nu ti tó. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní tó bílíọ̀nù 3.8 èèyàn tí ò tíì pé 50 ọdún ló ní in lára. Ṣé gbogbo wọn ló ṣe ìṣekúṣe ni?

Ṣẹ́gun_K: Bílíọ̀nù 3.8! Ẹ ṣeun jàre. Ìyàwó àbúrò mi ò bá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ohun tí dókítà ojú kọ síwèé, màá ka èyí sí i létí.

Akin_Ọ̀tún: Tèmi le díẹ̀. Wọ́n ní àpólò ni, ẹni tó ta oògùn fún mi fún mi ní èyí tí wọ́n ń kán sójú, ojú funfun, ìrora lọ, mo ní ọpẹ́ o, àṣé steroid wà nínú ẹ̀, ó ń mú pípọ́n lọ ṣùgbọ́n ó ń gba fáírọ́ọ̀sì láyè, ìgbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú egbò tín-ín-rín ti fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Wọ́n fi òwú kan ẹyinjú mi, mi ò mọ̀ ọ́n lára rárá! Ó ti jinná, ṣùgbọ́n àpá ò lọ. Tí mo bá di ojú ọ̀tún, mo rí i pé èèyàn dúró síwájú mi, mi ò mọ ẹni tó jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ojú kan ṣoṣo tó bá pọ́n tí ìmọ́lẹ̀ ń dùn ún, ẹ má kán ohunkóhun sí i kí dókítà ojú tó wò ó.

Mọ́jì: Yéè. Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Bàbá Tòmíwá: Ẹ pẹ̀lẹ́ Akin. Wọ́n lè fi awọ ẹyinjú ẹni tó ti kú rọ́pò tó ní àpá. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe é, ó ń kàwé báyìí.

Mọ́jì: Ojú òkú ke!

Bàbá Tòmíwá: Ojú tó ń ríran ni.

Láñre: Ẹ má pe steroid ní májèlé o. Dókítà fúnra ẹ̀ ló fún mi, herpes yìí kan náà ni.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́: Ti yín á ti wọ inú awọ lọ nìyẹn, níbi tí ìjà tí ara ń bá a jà gan-an ti ń ba ojú jẹ́. Ó dájú pé wọ́n fún yín ní oògùn fáírọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì ń pè yín padà wá wò ó. Ti Akin, egbò wà lójú awọ, kò sì sóhun tó dáàbò bò ó.

Láñre: Bẹ́ẹ̀ ni, aciclovir wà ńbẹ̀.

Mọ́jì: Tèmi, tí mo bá ti ń ronú jù ló máa ń yọ.

Tíṣà_Báyọ̀: HEDS, ìwádìí lórí herpes ojú tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ò rí i pé ìrònú ló ń fà á.

Mọ́jì: Àwọn ló ni ìwádìí, èmi ni mo ni ojú.

Tíṣà_Báyọ̀: Mi ò bá yín jà mà. Àmọ́ ẹ bi dókítà yín léèrè, torí àwọn yẹn náà ló rí i ní 1998 pé ẹni tó ti ní in rí tó wá ń lo aciclovir 400 mg ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọdún kan, nínú 100 wọn, 19 ló tún padà yọ sí lójú. Àwọn tí ò lò ó, 32.

Mọ́jì: Ẹn-ẹ́n. Ìyẹn wúlò. Màá bi í.

Dúpẹ́: Shingles náà ń bá ojú jà o, fáírọ́ọ̀sì chicken pox ló ń fa ìyẹn. Tí ròrò bá yọ síwájú orí tó dé góńgó imú, ẹ má dúró dọ̀la.

Abẹ́ní_O: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Oògùn ìpara tí wọ́n fún mi, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, ó ń bo ojú mi bàìbàì. Ojú ti funfun díẹ̀, ṣé mo lè dá a dúró?

Akin_Ọ̀tún: Rárá o!! Àfi tí wọ́n bá tan iná búlúù yẹn sí i tí wọ́n ní ó ti jinná. Má sì tíì lo lẹ́ǹsì.

Abẹ́ní_O: Ọmọ jòjòló wà lọ́wọ́ mi ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́: Fọ ọwọ́ lẹ́yìn tó o bá kan ojú, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni lo táwẹ́ẹ̀lì ẹ. Tí ròrò bá yọ sí ètè ẹ, má fẹnu ko ọmọ yẹn rárá. Ó lè ṣekú pa ọmọ tuntun.