Báwo Ni Mo Ṣe Lè Fọ Fíìmù Nínú Ooru Ìbàdàn?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ fọ́tò, mo kí yín o. Ọdún 11 ni mo ti ń ya fọ́tò òde ìgbéyàwó ní Ìbàdàn; mo lè ya 2,000 lọ́jọ́ kan, kí n má sì rántí ẹyọ kan nínú wọn tó bá di alẹ́. Iṣẹ́ náà ti sú mi kí n tó rí kámẹ́rà Pentax K1000 bàbá mi nínú àpótí, èyí tí kò nílò bátìrì fún ohunkóhun ju òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo ki fíìmù Ilford HP5 Plus sí i, mo gbé e lọ sí ọjà Bódìjà. Nítorí pé ẹyọ 36 péré ni mo ní, mo dúró ti ìyá alágbo kan fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kí n tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n bí ti ọmọṣẹ́.

Fífọ rẹ̀ ni wàhálà. Ìṣẹ́jú 7 ààbọ̀ ní 20°C ni Ilford tó ṣe fíìmù náà kọ fún ID-11, oògùn tó ń mú àwòrán jáde lára fíìmù, tí a kò bá bomi là á, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ ilé mi kì í tutù ju 28°C lọ. Mo kó píọ̀ wọ́tà dídì yí ike oògùn náà ká nínú báfù. Ó kọ́kọ́ tutù jù, ó tún gbóná padà, nẹ́gétíìfù sì dúdú débi pé ilà ojú ìyá náà pòórá. Ṣé kí n dín ìṣẹ́jú kù ni, àbí kí n bomi la oògùn kí àkókò lè gùn díẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ara yín fọ fíìmù nínú ooru wa yìí, ẹ jọ̀wọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Róòlù 3 ṣì wà nínú fíríìjì mi.