Awọ ọkàn màlúù àti pátẹ́ǹtì: ẹ̀yin ọmọ Ajílété, ta ló mọ̀nà?

Bàbá Ìbejì (Leeds): Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ dókítà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń gba awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ọkàn màlúù lọ́wọ́ àwọn alápatà. Á fọ̀ ọ́ títí sẹ́ẹ̀lì màlúù á fi tán lára rẹ̀, kí wọ́n lè máa fi lẹ ibi tó bá ya nínú ara nígbà iṣẹ́ abẹ. Lọ́yà kan ní ohun tí Ọlọ́run dá ò ṣeé gba pátẹ́ǹtì (ìwé ìjọba tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì lo ohun téèyàn hùmọ̀ láìgbàyè) lé lórí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Mọ́mì Houston: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkàn màlúù se ọbẹ̀, ẹ ń gbọ́?) Ọ̀rọ̀ lọ́yà yẹn kù díẹ̀. Ní 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà sọ nínú ẹjọ́ ilé iṣẹ́ Myriad pé ẹni tó kàn yọ jíìnì (ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) kúrò nínú ara èèyàn, kò hùmọ̀ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ẹ̀dá bá yí padà, tirẹ̀ yàtọ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1960, dókítà Carpentier ní Faransé rẹ fáàfù (ìlẹ̀kùn ẹ̀jẹ̀) ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ sínú kẹ́míkà glutaraldehyde, bí àwọn oníṣẹ́ awọ l'Ọ́yọ̀ọ́ ṣe ń ṣe awọ kó má bàa rà. Irú ibẹ̀ ni pátẹ́ǹtì ń dì mọ́. Kẹ́míkà wo ni àbúrò yín ń lò? Báwo ló ṣe le tó, wákàtí mélòó ló fi ń rẹ ẹ́? Kí ló fi dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Bí kálísíọ̀mù tó máa ń sọ irú awọ bẹ́ẹ̀ di líle lẹ́yìn ọdún díẹ̀ kò bá mú tirẹ̀, kó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tọjọ́tọjọ́.

Bàbá Ìbejì: Oṣù tó ń bọ̀ ló fẹ́ sọ ọ́ ní kónfáránsì kan.

Ẹ̀gbọ́n Munich: Háà! Ẹ pè é lálẹ́ yìí! Ní Yúróòpù, ohun tó bá ti jáde síta kí ẹ tó fi ìwé ìbéèrè pátẹ́ǹtì sílẹ̀, ìbáà ṣe lórí pósítà lásán, kì í ṣe tuntun mọ́, kò sì lè gba pátẹ́ǹtì. Amẹ́ríkà ń fúnni ní ọdún kan lẹ́yìn tó bá jáde, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé e. Kó kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ l'Ábújá. Láti ọjọ́ náà, ó ní oṣù 12 láti gbé e dé òkè òkun. Tó bá gba ọ̀nà PCT (àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí pátẹ́ǹtì), tí Nàìjíríà wọ̀ ní 2005, ó lè tó oṣù 30 kó tó máa sanwó fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, níbi tí owó gidi wà. Kó má sì tìtorí ìwé Àbújá sùn o: wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan náà jẹ́ tuntun, òfin pátẹ́ǹtì Nàìjíríà ti 1970 fúnra rẹ̀ sọ pé ìjọba ò ṣe onídùúró. Bí dókítà ṣe ń rán an mọ́ ara, Yúróòpù ò ní gba ìyẹn. Awọ náà àti bó ṣe ń ṣe é ni kó kọ.

Mọ́mì Houston: Ta ló gbà á síṣẹ́, sà? Òfin kan náà sọ pé ohun téèyàn bá hùmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá ló ni ín. Kó ka ìwé tí wọ́n fi gbà á dáadáa.

Bàbá Ìbejì: Mo ti pè é. Àkópọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì jáde, ó ti ní kí wọ́n dá a dúró. Ta ló mọ lọ́yà pátẹ́ǹtì gidi l'Ábújá?

Ẹ̀gbọ́n Munich: Ẹ wo inbox yín, sà.